Ìkòkò Kan Ṣoṣo Tí Màmá Fọ́

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Jídé àbúrò mi ránṣẹ́ láti orí òkè pé òun ń kó ìrántí Màmá jọ, ìyá tó bí ìyá wa, pé kí n sọ tèmi nígbà tí mo ṣì rántí. Mi ò mọ̀wé. Títí, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá dákẹ́, kó má bi mí bóyá ó ti tán. Kó ṣáà jókòó.

Mo mọ ohun tí Jídé fẹ́ gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni, tí a fi ẹsẹ̀ rìn láàrin àwọn abúlé orí òkè, tí àwọn ṣójà ń wá a, tí Màmá ń mú un lọ síbi tí ọwọ́ ò ní tó o. Òun náà mọ ìtàn yẹn. Ibì kan wà níbẹ̀ tí kò mọ̀. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Màmá jẹ́.

Màmá kì í wo ilẹ̀ bí wọ́n bá ń rìn. Oníkòkò ni wọ́n láti kékeré. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí mọ́tò kì í dé, ìyá wọn á to ìkòkò mẹ́fà sínú àwọ̀n, á fi koríko gbígbẹ há àárín wọn kí wọ́n má baà máa kan ara wọn, á gbé e lé òṣùká lórí ọmọ, ó di abúlé. Abúlé kan sí èkejì, àpáta ni, ẹrẹ̀ ni, igi tó wó dábùú ọ̀nà ni. Ẹni tó bá tẹríba wo ẹsẹ̀, ẹrù ti lọ nìyẹn. Nítorí náà ọrùn Màmá máa ń le gan-gan, ojú wọn á wà níwájú, ẹsẹ̀ á fúnra rẹ̀ wá ibi tó máa tẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń rìn l'Ágége náà nìyẹn, lẹ́bàá rélùwéè, nínú ọjà, bí ò tilẹ̀ sí nǹkan kan lórí wọn. Àwọn ọmọ àdúgbò á tò sẹ́yìn wọn, wọ́n á máa sín wọn jẹ. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan, mo ní, "Màmá, ẹ ò bẹ̀rù kí ẹ kọsẹ̀?" Wọ́n ní, "Ojú ló ń ṣáájú. Bí ojú bá ti dé, ẹsẹ̀ ò ní sùn sọ́nà."

Ìhàlẹ̀ kan wà lẹ́nu wọn. Bí abọ́ bá fọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé, kí wọ́n tó gbá a, Màmá á ti sọ ọ́: láti ọjọ́ tí àwọn ti ń ru ìkòkò, àwọn ò fọ́ ẹyọ kan rí. Bí ìjà ni, wọ́n á sọ ọ́. Bí ìkómọ ni, wọ́n á sọ ọ́. Ìyàwó mi á máa yí ojú. Màmá á fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn wọn, wọ́n á ní, "Orí yìí, Ọlọ́run ló fún mi. Ọrùn yìí, èmi ni mo fún ara mi."

Ọdún kan náà ni bàbá wa àti ìyá wa kú. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Jídé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀tẹ́ ni. Màmá sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Ìgbín, abúlé wọn tó wà lórí òkè pátápátá, wọ́n wá bá wa ní Ifàkọ̀ nínú ilé tí a háyà. Àmù kan ni wọ́n gbé wá, àmù omi ńlá. Láti ibi tí lọ́rì já wọn sí, orí ni wọ́n fi rù ú wọlé. Wọ́n ń pe iṣu ní usu, wọ́n ń pe ilé ní ulé, àwọn èèyàn ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò sì yí i padà títí wọ́n fi kú. Èmi ni àkọ́bí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa bá wọn ru ìkòkò lọ sí ọjà Agége, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ síléèwé. Jídé lọ síléèwé. Kò dùn mí. Ó dùn mí díẹ̀.

Àmù yẹn dá ìjà sílẹ̀. Àlájà tó nilé ò fẹ́ ẹ ní kọ́ridọ̀.

"Ìyá Oníkòkò, ẹ gbé nǹkan yín kúrò lọ́nà mi o. Ẹ̀fọn ló wà níbẹ̀."

"Àlájà, ẹ̀fọn inú gọ́tà yín ló wá kí mi."

"Ẹ̀yin ará òkè yìí, ẹnu yín ò lẹ́gbẹ́!"

"Ẹsẹ̀ wa náà ò lẹ́gbẹ́."

Wọn ò kí ara wọn fún bí oṣù méjì. Ìgbà tí ooru wá mú, tí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, mo rí Àlájà pẹ̀lú kọ́ọ̀bù lọ́wọ́, tó ń wo àmù bí ẹni ń wo oúnjẹ. Ó ní, "Ẹ bù díẹ̀ fún mi níbẹ̀ jàre." Màmá bù ú. Omi náà tutù bí omi orí àpáta. Wọ́n dúró kí Àlájà mu ún tán, kí wọ́n tó ní, "Fíríìjì ń retí iná. Àmù ò retí ẹnikẹ́ni." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́, ó sì máa wúlò fún wa.

Nígbà tí sáàpù ìjọba ṣójà dé, tí nǹkan gbogbo wọ́n, tí owó ọkọ̀ ń fò sókè bí ẹyẹ, gbogbo wa ń ráhùn, inú Màmá ń dùn. Wọ́n ní ayé ti padà sí bí àwọn ṣe mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi bímọ ní ọsibítù kan ní Ìlúpéjú. Màmá po ògì, wọ́n fi aṣọ wé ìkòkò ògì náà, wọ́n gbé e karí láti Ifàkọ̀, wọ́n gba Ìkẹjà, wọ́n gba Ọ̀pẹ̀bí, wọ́n rìn ín dé Ìlúpéjú. Ògì náà ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo bínú. Mo ní kí ni àwọn èèyàn á máa sọ nípa mi, pé mo jẹ́ kí ìyá mi fi ẹsẹ̀ rin Èkó já? Màmá ò tilẹ̀ gbọ́ mi. Wọ́n ń sọ fún ìyàwó mi pé igi àgbọn kan wà ní ibì kan, pé ilé kan tí wọ́n ń kùn ní ọ̀dà òféèfèé wà lápá òsì, pé obìnrin kan ń ta èso ìṣin lẹ́bàá gọ́tà. Ìyàwó mi ní òun ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́, òun ò rí nǹkan kan. Màmá ní, "Ẹni tó wọ mọ́tò ò mọ ibi tó gbà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló padà wá bá mi.

Èmi àti Jídé jọ ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì aṣọ kan ní Ìkẹjà. Èmi ń ru ìdì aṣọ sínú ọkọ̀. Òun jókòó ní ọ́fíìsì, òun náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Èmi tí mi ò mọ̀wé, káàdì kọ́ńpìnnì ni ìwé mi. Fọ́tò mi wà níbẹ̀, orúkọ bàbá wa wà níbẹ̀. Mi ò kì í yọ ọ́ kúrò lápò àyà ẹ̀wù mi, títí kan ọjọ́ Sọ́ńdè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí káàdì yẹn.

Kọ́ńpìnnì wá bẹ̀rẹ̀ sí í lé èèyàn. Lónìí ogún, lọ́la ọgbọ̀n. Jídé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí gbogbo wa jókòó sẹ́nu géètì, ká má ṣiṣẹ́, ká má lọ sílé. A jókòó. Lọ́jọ́ kẹta, oòrùn ò tíì gun orí, ọkọ̀ ṣójà méjì dé. Wọ́n ń pe orúkọ láti inú bébà. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n kó lọ lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú wọn jókòó tì mí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní awẹ́ obì ni. A ò rí wọn mọ́. Títí di òní tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, a ò rí wọn mọ́.

Jídé ni orúkọ kẹrin. Ó ti gba inú gọ́tà tí omi aró ń gbà jáde lẹ́yìn kọ́ńpìnnì. Ìgbà tí mo délé, ó ti jókòó sí yàrá, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì búlúù dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó ti fi yanrìn ha á. Kò lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ẹsẹ̀ yẹn ti mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Màmá ń bẹ iṣu. Wọ́n wo ẹsẹ̀ náà. Wọ́n bẹ iṣu wọn tán, wọ́n sè é, wọ́n gbé e síwájú wa. Jídé ní òun ò lè jẹun, pé ká jẹ́ ká máa lọ, pé wọ́n ń bọ̀. Màmá ní, "Jẹun. Kì í ṣe ṣójà ló ń mú ẹni tí wọ́n ń lé. Ebi ló ń mú un."

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Agége nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Jídé wọ bàtà àti sọ́kísì mi. Òṣogbo la ti sọ̀, a wọ lọ́rì, nígbà tí a gbọ́ lẹ́nu dírẹ́bà pé àwọn ṣójà ń yẹ ọkọ̀ wò níwájú, Màmá ní kó já wa sílẹ̀ nínú igbó. Wọ́n ra ìkòkò mẹ́ta ní abúlé àwọn amọ̀kòkò kan lẹ́bàá ibẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀kan, Jídé gbé méjì nínú àwọ̀n. Wọ́n ní ẹni tó bá ru ìkòkò, kò sẹ́ni tó máa bi í pé níbo ló ń lọ. Láti ibẹ̀, òkè ló kù, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sí Òkè-Ìgbín.

Mi ò mọ òkè rí. Agége ni wọ́n bí mi sí. Kùrukùru bo ohun gbogbo láàárọ̀, àá máa gbọ́ àkùkọ lókè orí wa láìrí ilé. Ìgbà mìíràn àá gbọ́ ohùn mọ́tò nísàlẹ̀, nínú kòtò lọ́hùn-ún, gbogbo wa á sì dúró lójú kan títí á fi kọjá. Bàtà àti sọ́kísì ti ya mọ́ Jídé lẹ́sẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ó bọ́ wọn dànù, Màmá fi ẹrẹ̀ pa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹrẹ̀ gbẹ, ó ń hó kúrò, búlúù ń yọ.

Ní abúlé àkọ́kọ́, bàbá arúgbó kan nìkan ló wà nílé, gbogbo èèyàn ti lọ sóko. Ó bu omi fún wa. Ojú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ Jídé.

"Ìyá, kí ló ṣe ẹsẹ̀ ọmọ yìí?"

Màmá ní, "Aláró ni."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Aláró! Ọkùnrin! Ta ló wá ń gúnyán nílùú yín, ọba?"

Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ò lè ṣì sọ ni Màmá ṣì sọ yẹn, nítorí obìnrin ló ń rẹ aró, gbogbo ayé ló mọ̀. Ìbẹ̀rù ló fà á. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ̀yin ò tíì dé Èkó. Ní Èkó, ebi ti sọ gbogbo ọkùnrin di aláró."

Bàbá náà tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń dìde, ó ń wo ojú mi, ó ń wo ojú Jídé. Ó ní, "Àwọn méjì yìí, ìbejì ni?"

Nígbà tí a kúrò níbẹ̀ ni Màmá ní ká pínyà. Wọ́n ní èmi àti Jídé jọra jù, ẹni tó bá rí ọ̀kan ti rí èkejì. Àwọn méjèèjì á máa lọ níwájú, èmi á máa bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù, kí n má ṣe rí wọn, kí n ṣáà mọ ibi tí wọ́n gbà. Wọ́n ní, "Níbi tí ọ̀nà bá ti pín, màá já ewé sílẹ̀ fún ẹ." Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Mi ò bi wọ́n pé kí ni ewé náà máa sọ fún mi. Èmi tí kì í sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kejì, ọ̀nà ò pín. Mo dá nìkan rìn. Gbogbo igi tó bá dún, mo rò pé èèyàn ni. Mo sùn ní ahéré kan tí kò ní ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn tí oòrùn yọ dáadáa, ọ̀nà pín. Ọ̀kan tóóró, ó ń gùn lọ sáàrin àpáta méjì. Ọ̀kan fẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ewé tútù wà lórí èyí tó fẹ̀, wọ́n fi òkúta lé e. Inú mi dùn. Ní kọ́ńpìnnì wa, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi ń sàmì sílẹ̀, ibi tí àmì bá wà ni kí o gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ á gé ọ lẹ́sẹ̀. Mo gba ibi tí ewé wà. Mo tilẹ̀ ń súfèé.

Bí mo ṣe yí àpáta ńlá kan, títì ọlọ́dà ló yọ sí mi. Igi tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà. Ṣójà méjì. Ọlọ́pàá kan.

Ohùn Ìjẹ̀ṣà wà lẹ́nu ọlọ́pàá náà. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, níbo lo ti ń bọ̀?"

"Oko."

"Ọkọ́ ẹ dà? Àdá ẹ dà?"

Ṣójà kan fi ẹsẹ̀ tú ẹrù mi. Aṣọ yọ, gààrí yọ, abọ́ tánganran mẹ́ta yọ.

Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín. "Abọ́ mẹ́ta! Ikùn mẹ́ta ló wà lára ẹ ni?"

Ṣójà kejì ò rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ni, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gbé ẹnu ìbọn sí mi láyà, ó fi èdè píjìn bi mí pé àwọn tó kù dà. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan, ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ibi tí ẹnu ìbọn náà kàn gan-an ni káàdì mi wà, tí orúkọ bàbá Jídé wà lára rẹ̀.

Títí, kọ eléyìí bí mo ṣe sọ ọ́. Ẹnu mi là, ohùn ò jáde. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi gbéra. Mi ò rán an níṣẹ́. Ó dìde, ó nà sí orí òkè, síbi tí Màmá mú àbúrò mi gbà.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn Màmá, gbogbo wọn sì yíjú sí i kí wọ́n tó mọ ibi tí mo nà sí.

"Ọ̀lẹ! Ọ̀dẹ̀! Ẹni tí mo ní kó bá mi rẹrù lọ sọ́jà!"

Màmá yọ láti ẹ̀yìn àpáta, ìkòkò kan lórí wọn, ọrùn wọn le gan-gan. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé wọ́n ti dúró dè mí títí, wọ́n fi Jídé pa mọ́ sínú ihò àpáta, wọ́n padà wá wò mí. Ọwọ́ mi ti bọ́ sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá Màmá rí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má dá ọ̀lẹ yìí lóhùn. Ó ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ láti àárọ̀."

Ọlọ́pàá ní, "Màmá, abọ́ mẹ́ta ńkọ́?"

"Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tiẹ̀, ọ̀kan ti àlejò. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ẹ́, mo gbọ́ ohùn ẹ. Núlé tiyín, ṣé wọ́n máa ń rìnrìn àjò láìmú abọ́ àlejò dání? Ta ló bí ẹ tí ò kọ́ ẹ?"

Ojú ti ọlọ́pàá náà. Ṣùgbọ́n ṣójà ọmọdé yẹn ò gbọ́ Yorùbá. Ó ti ki ọwọ́ sí àpò àyà ẹ̀wù mi. Mo gbọ́ ìka rẹ̀ lára káàdì náà. Ó ń fà á jáde. Etí káàdì ti yọ.

Ìkòkò fọ́.

Ó dún bí ìbọn. Ṣójà náà fò sẹ́yìn, ó dojú ìbọn kọ ilẹ̀, àpáàdì fọ́n ká sórí bàtà rẹ̀. Màmá dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí wọn tí wọ́n wo ilẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n wá bú sẹ́kún. Wọ́n fi òṣùká lù mí lórí, wọ́n fi lù mí léjìká, "Wo ohun tó o ṣe fún mi! Wo ohun tó o ṣe fún mi!", wọ́n fi lù mí láyà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tẹ káàdì náà padà sínú àpò. Mo rò pé eré ni ẹkún yẹn. Mo wo ojú wọn. Kì í ṣe eré.

Ọlọ́pàá náà ló bẹ ṣójà. Ó sọ ọ́ lédè òyìnbó, ó tún sọ ọ́ fún Màmá lédè wa: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Oníkòkò tó fọ́ ìkòkò, kí la tún fẹ́ ṣe fún un?" Ṣójà fi ẹsẹ̀ gbá àpáàdì sí ẹ̀gbẹ́. Ó júwọ́ pé ká kúrò.

A ò tíì lọ. Màmá mú abọ́ kẹta, wọ́n da gààrí sí i, wọ́n gbé e fún ṣójà ọmọdé yẹn. Ó wò wọ́n, ó gbà á. A fi abọ́ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a ti ń rìn lọ lójú títì, tí gbogbo ẹ̀yìn mi ń retí ọta, Màmá ní, "Ebi ò mọ aṣọ ìjọba."

Nígbà tí títì yí, tí wọn ò rí wa mọ́, a wọgbó, a gun òkè padà. Màmá ṣáájú títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti pín. Ewé wọn ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ òkúta.

"Kí ni ewé yìí sọ fún ẹ?"

"Ó ní kí n gba ibí."

Wọ́n ní, "Dáre, ewé ni ilẹ̀kùn ọ̀nà. Ṣé èèyàn máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń retí?"

A dé Òkè-Ìgbín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Jídé dúró síbẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ wọn níwèé, ó fẹ́yàwó níbẹ̀, kò kúrò mọ́, àní lẹ́yìn tí àwọn ṣójà gbé ìjọba sílẹ̀. Èmi àti Màmá padà sí Ifàkọ̀. Àwọn kan ti wá béèrè wa. Àlájà ti sọ fún wọn pé ìyá arúgbó náà ti ń kú lọ, pé àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí abúlé kó lọ kú síbẹ̀. Nígbà tó rí Màmá lẹ́nu ọ̀nà, ó patẹ́wọ́: "Ẹ káàbọ̀ o, òkú!" Màmá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí àwo fọ́ lọ́wọ́ Àlájà, tó kọjú sí Màmá tó ń dúró de ìhàlẹ̀ tó ti mọ̀, Màmá ò hàlẹ̀. Àlájà ní, "Ìyá Oníkòkò, ẹ ò ní sọ tiyín lónìí ni?" Màmá ní, "Ẹ tètè gbá a, kó má gún ọmọdé."

Jídé, o máa ń fi mí rẹ́rìn-ín nípa rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá pàdé: Bọ̀dá Dáre ṣi ọ̀nà, Màmá fọ́ ìkòkò. Mo máa ń bá ẹ rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kó o rò pé ìkòkò yẹn ṣèèṣì bọ́ ni.

Nígbà tí Màmá kú, a gbé wọn gun òkè lórí èjìká, nítorí mọ́tò ò dé Òkè-Ìgbín. Èmi lo ní kí n ṣáájú kí n lọ sọ fún wọn pé òkú ń bọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀nà ti pín, mo já ewé, mo fi dí ọ̀nà títì, mo fi òkúta lé e. Kò sẹ́ni tó ṣìnà. O bi mí lọ́jọ́ náà pé ta ló kọ́ mi. Mo ní Màmá ni. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mi ò sọ nìyí. Ní bí oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó kú, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n jókòó ti àmù wọn ní kọ́ridọ̀, wọ́n ní kí n mú ọwọ́ mi wá, wọ́n fẹ́ bá mi gé èékánná. Èmi tí mo ti ní ọmọ mẹ́rin. Ọwọ́ òsì ni mo nà sí wọn. Wọ́n ní kì í ṣe ìyẹn. Wọ́n gba ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n gé e, ìka kan lẹ́yìn ìkejì, wọn ò yára. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n pa á dé, wọ́n dì í mú. Wọ́n ní, "Ọwọ́ yìí ò burú. Ebi ló ń pa á lọ́jọ́ yẹn."

Wọ́n rí i. Láti ẹ̀yìn àpáta ni wọ́n ti rí i.

Jídé, ọwọ́ ọ̀tún ni. Ibi tí wọ́n fi ẹ́ pa mọ́ sí ni mo nà án sí. Ká ní Màmá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ǹ bá ti sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ gun òkè wá bí òjò bá dá. Mi ò lè yára mọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ṣì ń gbé mi. Bí o bá ka èyí tán, tí o bá ṣì ń retí mi, já ewé sí ọ̀nà títì. Bí o bá sì fi dí ti òkè, mi ò ní bínú. Mo ti mọ ewé kà báyìí.